Bí A Ṣe Ń Hú Egungun Edmontosaurus Láìba Awọ Rẹ̀ Jẹ́

Edmontosaurus ni dáínósọ̀ ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ ewé kiri ní àríwá Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Àwọn mìíràn gùn tó mítà 12. Egungun rẹ̀ pọ̀ nínú òkúta Hell Creek ní Montana àti North Dakota, ṣùgbọ́n egungun nìkan kọ́ là ń wá. Lọ́dún 1908, Charles Sternberg, ẹni tó ń wá egungun ayé àtijọ́, àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí ọ̀kan ní Wyoming tí àmì awọ ṣì hàn kedere lára òkúta tó bò ó.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2009 ní àfi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló lè hú u. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ lọ bá onílẹ̀.

Ẹ máa wo ẹsẹ̀ òkè. Àfọ́kù egungun tí òjò wọ́ sílẹ̀ ni yóò júwe ibi tí ìyókù wà. Ẹ tẹ̀ lé e gòkè. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì ya àwòrán bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò kí ẹ tó mú ohunkóhun kúrò.

Ẹ fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n bó bá ti ku díẹ̀ kí ẹ kan egungun, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ mú irin ṣóńṣó àti búrọ́ọ̀ṣì. Ibí yìí ni sùúrù ti ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá rí kókó kéékèèké tó so mọ́ra lójú òkúta, awọ nìyẹn. Ẹ má ha á rárá! Edmontosaurus kan láti Alberta ní Kánádà, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2013, ní ogbe bíi ti àkùkọ lórí, ẹran lásán, kò sí egungun nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá egungun nìkan ì bá fọ́ ọ dànù.

Ẹ kán gúlúù olómi sínú ibi tó là lára egungun náà. Ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká títí yóò fi dúró lórí ìdí kan. Ẹ fi tíṣù tútù bò ó kí POP má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá ri aṣọ àpò kòkó tí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ sínú POP, kí ẹ fi dì í ní ìpele-ìpele. Bó bá gbẹ, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ di abẹ́ náà. Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọ̀nà àríwá sára rẹ̀.

Inú yàrá iṣẹ́ ni kí ẹ ti ṣí i, lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Ẹ má da iyanrìn inú rẹ̀ nù: ẹ sẹ́ ẹ, nítorí eyín kéékèèké lè wà níbẹ̀.