Bí a Ṣe Lè Rán Òṣùká Tó Ń Mọ Ibi Tí Ẹrù Fì Sí

Àwọn obìnrin tó ń ru ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé bí abọ́ bá fì sí apá kan, ọrùn ni yóò jìyà rẹ̀. Òṣùká ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ inú aṣọ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó rọ̀, kò tóbi, ó sì rọrùn láti tú kí a tún un rán.

Ẹ wá Velostat, ìyẹn ọ̀rá dúdú tí iná mànàmáná túbọ̀ ń ráàyè gbà kọjá bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, pẹ̀lú aṣọ àti òwú onírin tó ń gbé iná. Ẹ gé ọ̀rá náà sí méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, kí ẹ sì fi aṣọ tó ń gbé iná bo òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rá yọ síta ju aṣọ lọ yíká, torí bí aṣọ òkè bá kan ti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa sọ pé ẹrù wà níbi tí kò sí. Òwú onírin a máa tú. Ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì sí kókó rẹ̀.

Ẹ má tíì rán an pa. Ẹ fi mítà tó ń wọn ìdènà iná wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ẹrù, lẹ́yìn náà pẹ̀lú abọ́ tó kún. Bí ẹ bá rí 20,000 ohm (òṣùwọ̀n ìdènà iná) àti 500 ohm, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí ẹ wá square root rẹ̀: ó súnmọ́ 3,160, resistor (ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́) tó jẹ́ 3,300 ohm sì dára fún un. Ẹ so aṣọ òkè ti ọ̀tún mọ́ 5V lórí Arduino Uno, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò máa ka iná náà, kí aṣọ ìsàlẹ̀ lọ sí A0, ihò tó ń ka iná, kí resistor sì so A0 mọ́ GND, ihò tí iná ń gbà padà. Ẹ ṣe bákan náà fún òsì pẹ̀lú resistor tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lo A1. Nọ́ńbà tí Arduino bá kà yóò wà láàárín 0 sí 1023, yóò sì máa gòkè bí ẹrù bá ti ń wúwo sí i.

Ọ̀tún àti òsì kì í sábà bára dọ́gba, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ nígbà tí abọ́ dúró déédéé, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Velostat kì í tètè padà sípò lẹ́yìn ìtẹ̀ pípẹ́. Ẹ má fi ka kílò.

Omi ẹja ni ọ̀tá tó burú jù, torí iyọ̀ inú rẹ̀ ń gbé iná. Ẹ fi náílọ̀ọ̀nù wé gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó rán an pa, kí ẹ fi òwú pupa sàmì sí iwájú òṣùká, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi yanrìn dánwò kí ẹja tó dé orí ẹnikẹ́ni.