Ẹ̀bùn wòlímọ̀: pákó tí a ń ṣí Àlùkùránì lé

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pákó ìgbé-Àlùkùránì-lé fún ọmọ tó ń ṣe wòlímọ̀, igi ọmọ̀ ni kó wá. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Àmọ́ kó ti gbẹ dáadáa o. Igi tútù máa ń súnkì, àlàfo tí a gé sí i á tóbi jù ú lọ, ìwé á sì máa mì.

Pákó méjì ni: gígùn sẹ̀ǹtímítà 40, fífẹ̀ 20, nínípọn 2. Kí ìlà ara igi bá gígùn lọ. Bó bá dábùú, ibi tí ẹ gé ni yóò ti ya.

Ẹ wọn 15 láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ayùn gé àlàfo láti ẹ̀gbẹ́ kan dé àárín, ìyẹn 10. Kó fẹ̀ tó nínípọn pákó, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣísẹ́lì ni kí ẹ fi gé ìdí rẹ̀. Ẹ gé ìkejì bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ yí i padà kí àlàfo méjèèjì dojú kọra, kí ẹ tì wọ́n wọnú ara wọn. Kò gba gọ́ọ̀mù, kò gba ìṣó.

Ẹ má kun fáníìṣì sínú àlàfo: yóò dí i, pákó kò ní wọlé mọ́. Orúkọ ọmọ, ẹ̀yìn pákó ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí, kó má baà ha ìwé.