Peugeot 504: jíà ń ké, kílọ́ọ̀ṣì ń rì

Epo kílọ́ọ̀ṣì tó ti dúdú ló fà á. Ìdajì lítà DOT 4 (irú epo bíréèkì kan) ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, pàápàá lójò Ìlọrin.

Ẹ fa epo àtijọ́ kúrò nínú ike òkè, ẹ bu tuntun sí i. Ẹ ki rọ́bà tín-ín-rín sẹ́nu nípù ìsàlẹ̀ (ẹnu kékeré tí à ń tú kí epo kílọ́ọ̀ṣì lè jáde), kí orí kejì rì sínú epo nínú ìgò. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Ẹ tú nípù díẹ̀, ẹ dì í kí ẹni náà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á padà wọlé. Ẹ máa ṣe é títí epo á fi mọ́ láìní ìhó. Ike ò gbọdọ̀ gbẹ rárá! Bí epo bá ta sára ọ̀dà mọ́tò, ẹ da omi sí i kíákíá.