Ẹ̀bùn Kérésìmesì Fún Àwọn Ọmọ Láìná Owó Púpọ̀: Ẹ Jẹ́ Kó Tutù Kí Ẹ Tó Dì Í

Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá la ṣe kọ ìwé kékeré yìí. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ kan dáwó jọ, wọ́n ra fúláwà, wọ́n ra ṣúgà, wọ́n sì fi gbogbo òru din chin-chin tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ Kérésì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dì í tán, wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí wọn yóò fi pín in, ó ti rọ̀ bí ẹ̀bà àná. Èyí tó wà nísàlẹ̀ báàgì ti ń rùn, omi ti dúró sí ìdí ọ̀rá. Àwọn ọmọ gbà á, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dà á fún adìẹ. Wọ́n ní fúláwà ni kò dára. Fúláwà dára. Ọ̀rá tí wọ́n dì í sí nígbà tó ṣì gbóná ló bà á jẹ́.

A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń po fúláwà tàbí bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Ibi tí owó ti ń ṣòfò la fẹ́ sọ.

Ọjọ́ tí ẹ ó ṣe é

Oríṣi ẹ̀bùn méjì ló wà nínú ìwé yìí: èyí tí ọmọ ń jẹ àti èyí tí ọmọ fi ń ṣeré. Ti eré ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá ti tó láti rán ọmọláńgidi, kí ẹ sì gé ọpọ́n ayò. Fúláwà, ṣúgà àti òróró, ẹ rà wọ́n kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí ọlọ́jà tó rántí pé ọdún ti dé.

Chin-chin, alẹ́ ọjọ́ 22 ni kí ẹ dín in, kí ẹ dì í láàárọ̀ ọjọ́ 23. Ẹ má dín in ṣáájú ọjọ́ 20, ẹ má sì dúró di alẹ́ ọjọ́ 24. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ 24 ló máa ń dì í ní gbígbóná, torí ó ní láti dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, aṣọ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀, adìẹ ò tíì kú.

Chin-chin

Ìwọ̀n yìí yóò fún yín ní ọ̀rá 14 tàbí 15, gíráàmù 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Fúláwà, kílò 1. Ṣúgà, gíráàmù 200. Bọ́tà, gíráàmù 125. Ẹyin 2. Ìdajì èso nọ́tímẹ́ẹ̀gì kan, kí ẹ ha á. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì. Mílìkì lẹ́búlẹ́bú, ṣíbí ìjẹun 4, kí ẹ pò ó mọ́ omi mìlílítà 200. Ọ̀rá omi kan jẹ́ mìlílítà 500, nítorí náà ohun tí ẹ ó bù kò tó ìdajì rẹ̀. Òróró tí ẹ ó fi dín in, lítà kan àti ààbọ̀. Ẹ má fi yíìsì sí i. A fẹ́ kó le, kó lè pẹ́.

Ẹ gé e ní ìdajì ínṣì níbùú àti lóòró, kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Tí èyí tó tóbi bá wà láàárín èyí tó kéré, èyí tó kéré á jóná, inú èyí tó tóbi á sì tutù bí ìyẹ̀fun pípò. Ẹ̀kúnwọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ bù sínú òróró, kí iná má pọ̀ jù, ìṣẹ́jú 6 sí 8. Ẹ kó o kúrò nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pọ́n tó bí ẹ ṣe fẹ́. Yóò máa pọ́n lọ lórí asẹ́.

Ibi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà á.

Omi tó kù nínú chin-chin ń jáde lọ bó ṣe ń tutù. Tí ẹ bá pa á dé, kò ríbi gbà lọ, orí chin-chin náà ló máa padà sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá àtẹ tàbí asẹ́ ńlá tó gbẹ. Kì í ṣe ìwé ìròyìn, torí dúdú ara rẹ̀ máa ń bá òróró lọ sínú oúnjẹ. Ẹ tẹ́ chin-chin náà sílẹ̀, kó má nípọn ju ìka kan lọ. Tí àtẹ kan ò bá gbà á, ẹ lọ yá òmíràn ládùúgbò. Ẹ má kó o jọ ní òkìtì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ fi ṣíbí gbígbẹ yí i. Ẹ tún yí i lẹ́yìn wákàtí kan. Ó kéré tán, wákàtí 4 ni yóò fi wà níta. Èyí tí ẹ bá dín lálẹ́, ẹ jẹ́ kó di àárọ̀.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà, eruku pọ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ ni kí ẹ fi bò ó. Àwọn kan ń fi ìdérí ìkòkò bò ó, àwọn mìíràn ń da báàfù dé e lórí pé kí eku má baà jẹ ẹ́. Báàfù àti ọ̀rá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ gbé àtẹ sórí tábìlì, kí ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ inú agolo omi mẹ́rin nítorí ẹ̀ẹ̀rà. Ní ti eku, ẹ ti ilẹ̀kùn.

Kí ẹ tó dì í, ẹ dán an wò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá funfun tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ so ó lẹ́nu, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan bí ìrì tó mú inú ọ̀rá ṣú, kò tíì yá. Ẹ tú u padà sórí àtẹ, kí ẹ lọ fún un ní wákàtí méjì sí i. Tí inú ọ̀rá bá mọ́lẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ lè dì í.

A ti gbọ́ gbogbo àwáwí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń dààmú wọn. Wọ́n ní iná mànàmáná ti lọ, wọn ò sì fẹ́ kó wà nínú òkùnkùn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni: "Kò gbóná mọ́, ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni." Lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn gan-an ló ba tọdún tó kọjá jẹ́. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó fún àwọn ọmọ ní ti wọn nínú àwo kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má ṣòfò ọ̀rá.

Ẹnu ọ̀rá ńkọ́? Síso nìkan kò tó, atẹ́gùn ń wọlé. Báwọn tó ń ta kúlíkúlí ṣe ń ṣe é ni kí ẹ ṣe é: ẹ wá àbẹ́là kan àti báléèdì ayùn tí wọ́n fi ń gé irin. Ẹ tẹ́ ẹnu ọ̀rá, ẹ ṣẹ́ ẹ lé ẹnu báléèdì, kí etí rẹ̀ yọ síta díẹ̀ báyìí, bí ìbú ìlà tí wọ́n fà sára ìwé. Ẹ fa etí náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àbẹ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíákíá, láti òsì sí ọ̀tún. Tí ẹ bá dúró níbì kan, ihò ti dé nìyẹn. Ẹ fi ọ̀rá òfìfo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ ọwọ́ ná. Inú ilé tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé má sì wà nítòsí.

Ẹ má fi wáyà sítépúlà kan ẹnu ọ̀rá oúnjẹ ọmọdé. Ọmọ á fi eyín fà á ya, wáyà á bọ́ sínú chin-chin. Ẹ̀gbin ni, ó sì léwu, síbẹ̀ ọdọọdún là ń rí i.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àgbọn ṣe súùtì: àgbọn 2 tí ẹ ti ha, omi inú rẹ̀, ṣúgà gíráàmù 250. Ẹ sè é, kí ẹ máa rò ó títí omi yóò fi gbẹ tí yóò sì pọ́n. Òfin kan náà ló wà fún un, kó tutù kí ẹ tó dì í. Ti àgbọn kì í pẹ́, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 5.

Ẹ̀pà odindi, ẹ má fi sínú ẹ̀bùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ìbáà ṣe yíyan tàbí sísè. Ó ń há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Súùtì líle náà kò dára fún un.

Ọmọláńgidi

Oṣù Kejìlá ni àjákù ankara máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ mú àpò lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń sun ún níná lálaalẹ́.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Ìdí ẹ̀rọ télọ̀ ló ti wá, òróró ẹ̀rọ wà lára rẹ̀, ọmọ á sì kì í sẹ́nu. Ẹ gé méjì tó bára mu, ínṣì 12 lóòró, ínṣì 7 níbùú, kí orí, apá àti ẹsẹ̀ wà lára ẹ̀kan náà. Ẹ rán an láti inú, ẹ fi ínṣì 2 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí i síta, ẹ wá fi àjákù tó kéré jù ki inú rẹ̀. Fóòmù àtijọ́ inú bẹ́ẹ̀dì kò dára. Ẹ rán ẹnu ibi tí ẹ ti kì í ní ìlọ́po méjì.

Òwú dúdú ni kí ẹ fi rán ojú rẹ̀. Bọ́tìnnì lẹ́wà, a mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ á fi eyín yọ ọ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ mú páálí kékeré tó máa ń wà láàárín tíṣù ìyàgbẹ́. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá ti kéré jù fún un.

Ọpọ́n ayò láti ara kíréètì ẹyin

Eléyìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kíréètì ẹyin kan ní ihò 30, ìlà 5, ihò 6 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjì ni ọpọ́n ayò kan, ihò 12. Kíréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á ṣẹ́kù tí àwọn ọmọ lè kó ọmọ ayò tí wọ́n bá jẹ sí. Ọmọ ayò 4 ló ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 48 fún ọpọ́n kan. Ẹ kà á pé, torí eré ò ní tọ́ tí ọ̀kan bá sọnù, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Tí ẹ bá rí ọmọ ayò gidi, ó dára. Tí ẹ kò bá rí i, òkúta wẹ́wẹ́ tó dán tó. Ẹ má lo wéréǹjéjé, èso pupa olójú dúdú tí wọ́n tún ń pè ní ojú ológbò. Májèlé ni tí ọmọ bá fẹnu fọ́ ọ. Ẹ má lo èso làpálàpá tàbí èso làrà pẹ̀lú. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹni tó ń lo làpálàpá fún ọgbà ẹran á tún kó èso rẹ̀ fún ọmọ.

Kíréètì tó mọ́, tí ẹyin kò fọ́ sí, ni kí ẹ mú, kí ẹ sá a sí oòrùn odindi ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ, ẹ gbọ́: kíréètì tó bá ti wọ ilé àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ padà sí ilé adìẹ mọ́. Kíréètì wà lára ohun tó ń gbé àrùn láti oko kan sí òmíràn.

Ọkọ̀

Páálí júùsì lítà 1, igi súyà 2, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àtijọ́. Ẹ fi agolo tòmátò kékeré wọn táyà 4 lára àtẹ́lẹsẹ̀ náà, kí ẹ gé e. Ihò táyà kó kéré ju igi lọ kó má baà máa bọ́. Ẹ gé ẹnu mímú igi súyà kúrò. Okùn tí ọmọ fi ń fà á kó má gùn ju ínṣì 8 lọ tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 3, nítorí ọrùn. Agolo sàdíìnì máa ń ṣe ọkọ̀ tó le ju páálí lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gé ọwọ́. Ẹni tí kò bá lè ká etí náà wọlé, kó má lò ó. Ẹ má fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun ilé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àjákù ankara ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣíbí ìjẹun 2 ti sítáàṣì, kí ẹ fi omi tútù pò ó kí ẹ tó da omi híhó sí i, ló ń ṣe gọ́ọ̀mù tó pọ̀ tó fún ọkọ̀ 3.

Dídì àti ìpamọ́

Kàlẹ́ńdà ọdún tó ń lọ ni ìwé ìdì-ẹ̀bùn tó dára jù: ó nípọn, ó ń dán, ó kù díẹ̀ kó má wúlò mọ́. Ẹ má fi oúnjẹ àti ohun ìṣeré sínú ọ̀rá kan náà.

Ọ̀rá chin-chin tí ẹ ò tíì pín, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómorí ni kí ẹ kó o sí, níbi tó gbẹ, kó jìnnà sí ìdáná. Ẹ kọ 23/12 sára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bírò tí kì í parẹ́. Àlejò ọdún tuntun lè jẹ nínú rẹ̀. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 3, tàbí tó ti ń rùn òróró àtijọ́ ṣáájú ìgbà náà, ẹ má fún ọmọ.