Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọmú Wò Nílé

Ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá ni kí ẹ yẹ ọmú wò fún àmì jẹjẹrẹ, nítorí pé ọmú kì í wú púpọ̀ nígbà náà. Ìyá tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́ lè mú ọjọ́ kan lóṣooṣù. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé apá méjèèjì sókè, kí ẹ wò ó bóyá awọ ọmú rí bí èèpo ọsàn, tàbí bóyá orí ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sínú. Lẹ́yìn náà, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìka mẹ́ta tẹ ọmú yípoyípo títí dé abíyá, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fọwọ́ kàn.

Kókó tí kò dunni ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú fò. “Kò kúkú dùn mí,” ni àwọn ìyá máa ń wí, títí yóò fi di egbò. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni yóò sọ. Ẹ má fi àgbo dánra wò, ẹ ní kí dókítà àdúgbò kọ ìwé fún yín lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn.

Jẹjẹrẹ ti ẹnu ilé-ọmọ kò ṣe é yẹ̀ wò nílé: láti ìgbà tí ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 30, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ.