Bí a ṣe ń kọ ìwé ìpinnu fún ìpàdé ẹgbẹ́ dókítà, tí kò fi ní kú sínú divers

Nínú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ dókítà, divers, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ètò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gidi ti ń kú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹni tó ti Ṣábẹ̀ wá ń ronú ọkọ̀ tí yóò wọ̀ padà, ẹni tó ní iṣẹ́ alẹ́ ní Àjàṣẹ́ ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Dókítà kan láti Kétu wá nawọ́, ó ní sérum oró ejò, oògùn tí a fi ń tọ́jú ẹni tí ejò ṣán, ti tán lọ́dọ̀ àwọn. Gbogbo ilé ní "òótọ́ ni o", alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ìwé ìpinnu, tí a fi ránṣẹ́ ṣáájú, tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò ìpàdé, ẹgbẹ́ kò ní lè fi "òótọ́ ni o" lásán dáhùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò. Ọ̀rọ̀ sérum yìí náà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí ẹ fẹ́ kọ

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ìwé mẹ́ta ló sábà máa ń jáde nínú ìpàdé. Motion ni a fi ń dúpẹ́, tí a fi ń bánikẹ́dùn, tí a fi ń ti èèyàn lẹ́yìn. Recommandation jẹ́ ìmọ̀ràn fún ẹni tí kò sí lábẹ́ wa, bíi mínísítà ètò ìlera. Résolution, ìyẹn ìwé ìpinnu tí a ń sọ yìí, ni èyí tó de ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀: ohun tí ẹgbẹ́ gbà gbọ́, àti iṣẹ́ tí bíró rẹ̀, àwọn olóyè tó ń darí rẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣe. Àwọn èèyàn máa ń lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò lè pàṣẹ fún mínísítà. Àmọ́ ó lè pàṣẹ fún bíró tirẹ̀ pé kí ó lọ bá mínísítà, kí ó sì padà wá jíṣẹ́. Ẹni tó bá di èyí mú ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ̀sùn lórí ìwà dókítà kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpinnu rárá. Ordre national des médecins, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn dókítà, ló ni ìyẹn.

Ẹ ka òfin ẹgbẹ́, ẹ sì wo ẹ̀yìn

Statuts (òfin ẹgbẹ́) àti règlement intérieur (ìlànà abẹ́lé rẹ̀) ni yóò sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ìpinnu wá, ọjọ́ mélòó kí ìpàdé tó pé, iye ìbò tó gbọ́dọ̀ gbè é. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹ kà á fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ akọ̀wé àgbà kí ó jẹ́ kí ẹ wo PV, ìwé àkọsílẹ̀, àwọn ìpàdé tó ti kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ ti ṣe ìpinnu kan náà rí, kí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀. Nínú American Medical Association, ẹgbẹ́ dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1847, bí ìpinnu tuntun bá tún ohun tó ti wà nílẹ̀ sọ, wọ́n lè kàn tún ti àtijọ́ fọwọ́ sí kí wọ́n sì gbé tuntun kúrò. Tiyín lè rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: dípò ìpinnu tuntun, ẹ lè béèrè pé kí bíró wá sọ ibi tí ti àtijọ́ dé.

Ẹ ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ìwé ìpinnu ní apá méjì: apá ìdí, níbi tí àwọn vu (òfin tàbí ìwé tí a gbé e lé) àti considérant (òtítọ́ tó fà á) wà, àti apá ìpinnu gan-an. Bí ó ti wà lójú ìwé kọ́ ni ẹ ó ṣe kọ ọ́. Apá ìpinnu ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, torí òun nìkan ni yóò ṣẹ́kù lọ́jọ́ iwájú. Ní Amẹ́ríkà, apá yẹn nìkan ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìlànà ẹgbẹ́. Ti apá ìdí parí lọ́jọ́ ìpàdé. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dá dúró, kí ẹni tí kò ka òkè rẹ̀ rí mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ wo èyí: "Ìjọba gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ejò." Ta ni nínú ìjọba? Kí ni nǹkan náà? Ìgbà wo? Ẹ wá wo irú èyí:

"Ìpàdé gbogbogbò pinnu pé:
kí bíró ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mínísítà ètò ìlera, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé SoBAPS, láti béèrè pé kí sérum oró ejò máa wà nígbà gbogbo ní àwọn ilé ìwòsàn agbègbè ní Plateau àti Collines;
kí ẹgbẹ́ ṣètò ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú ẹni tí ejò ṣán fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, kí ìpàdé ọdọọdún tó ń bọ̀ tó pé;
kí akọ̀wé àgbà jíṣẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì dé ní ìpàdé náà."

Gbogbo iṣẹ́ ló ní ẹni tí yóò ṣe é. Iṣẹ́ kan ló wà ní ìlà kan, kí ìpàdé lè gba ọ̀kan kí ó sì kọ èkejì. SoBAPS ni ẹ̀dà sì ń lọ torí pé òun ló ń ra oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Lẹ́tà tó bá dé ọ̀dọ̀ mínísítà nìkan lè má dé ibi tí sérum wà.

Faransé ni ẹ ó fi kọ ọ́, òun ni èdè ìwé ìjọba. Ẹ máa lo "décide" (ó pinnu) àti "charge le bureau de" (ó rán bíró níṣẹ́ láti). Ẹ rọra ṣe pẹ̀lú "encourage" (ó gbà níyànjú) àti "exhorte" (ó rọ̀), wọ́n dùn létí ṣùgbọ́n wọn kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ìpinnu náà ní Yorùbá fún ẹni tí kì í ṣe dókítà. Bí ó bá bi yín pé "ta ló máa wá ṣe é?", ẹ padà lọ tún un kọ.

Ìdí: ẹ má jẹ́ kó pọ̀

Mẹ́ta sí márùn-ún tó. Àwọn kan á to considérant kún ojú ewé méjì, ìpinnu wọn á wá jẹ́ ìlà kan tí kò lágbára. Òtítọ́ kan ni kí considérant kọ̀ọ̀kan gbé, kí ó sì tọ́ka sí ohun tí ẹ ń béèrè nísàlẹ̀. Fún tiwa: Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní 2017; ìpàdé àgbáyé àjọ náà ṣe ìpinnu lórí rẹ̀ ní May 2018; ó ń pa èèyàn 81,000 sí 138,000 lọ́dún káàkiri ayé; àgbẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹ fi iye tí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn yín fihàn kún un, torí iye ti àgbáyé nìkan kì í dun akápò ẹgbẹ́. Ìtàn aláìsàn tí ará àdúgbò lè fi dá a mọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Akápò yóò sì béèrè owó. Ẹ dá a lóhùn ṣáájú: lẹ́tà kò ná ẹgbẹ́ ní nǹkan púpọ̀, ẹ̀kọ́ ló ní owó ọkọ̀, oúnjẹ àti gbọ̀ngàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní fránkì sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ wá ẹlẹ́yìn, ẹ sì lọ kí àgbà

Bí gbogbo ìbuwọ́lù bá ti ilé ìwòsàn kan wá, wọn á ní ìráhùn tiyín ni. Kí ará Kétu wá ìbuwọ́lù dé Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, kí oníṣẹ́ abẹ àti dókítà ọmọdé wà nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́, àgbà kan wà tó kọ́ ìdajì àwọn tó jókòó níbẹ̀. Bí Professeur bá kọ́kọ́ rí ìwé yín nínú gbọ̀ngàn, yóò bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò ní fẹ́ràn. Ẹ mú un lọ bá a ṣáájú, ẹ ní: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wò ó." Yóò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, yóò fi òmíràn sí i, ó sábà máa ń tọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, ìwé rẹ̀ ló di. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń pe èyí ní òṣèlú. Èmi rò pé ọ̀wọ̀ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Fífi í sílẹ̀

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ akọ̀wé, wọn á lu òǹtẹ̀, wọn á kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á sára èkejì, ẹ ó sì mú un lọ sílé. Décharge yẹn ni ẹ̀rí yín. WhatsApp dára láti fi rán wọn létí, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò òǹtẹ̀.

Ẹ ronú oṣù pẹ̀lú. Oṣù mẹ́ta ìparí ọdún ni Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ máa ń jíròrò ìṣúná, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba sì ti kọ tiwọn ṣáájú ìgbà náà. Ìpinnu December tó ń béèrè owó ìjọba yóò dúró de ọdún kejì.

Nínú gbọ̀ngàn

Ẹ má ka considérant. Ẹ sọ ìṣòro ní gbólóhùn méjì, ẹ ka apá ìpinnu, ẹ jókòó. Ẹ gba àtúnṣe tó bá mú un ṣe kedere sí i. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni "dans la mesure du possible" (bí ó bá ti ṣeé ṣe tó). Ẹni tó fi í sí i lè má ní èrò búburú, ṣùgbọ́n ó ti tú gbogbo ìdè. Èkejì ni "ẹ jẹ́ kí a gbé e fún ìgbìmọ̀". Ẹ má jà. Ẹ kàn béèrè níbẹ̀: ìgbìmọ̀ wo, ta ni alága rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò mú èsì wá? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú PV.

Bí ó bá wọlé, ẹ ka PV kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kí ọ̀rọ̀ tí a dìbò fún má yí padà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ iye ìbò sílẹ̀, iye tó gbè é àti iye tó takò ó. Ìyàtọ̀ ìbò díẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ lè mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù tó pọ̀ sí i. Bí ó bá pọ̀ gan-an, ìlà tí wọ́n takò jù ni kí ẹ yọ.