Bí Iyùn Tó Kọ̀ Tí Kò Lanu Ṣe Wá Ń Jẹun

Nígbà tí mo gbé iyùn kan tó ń jẹ́ Tubastraea wọ inú táǹkì olómi iyọ̀ mi, gbogbo ẹnu rẹ̀ ló pa dé pátápátá. Iná tó wà lórí táǹkì ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Ẹranko ni iyùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ òkìtì abẹ́ òkun, bíi Acropora, ló gba àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń jẹ́ zooxanthellae sínú ara. Àwọn yẹn ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, wọ́n sì ń bu fún onílé; ó lè tó ìdá 90 nínú 100 agbára tí iyùn náà ń lò. Síbẹ̀ onílé ṣì ń dọdẹ lálẹ́, torí oúnjẹ ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà tó ń kọ́ ara. Tubastraea ò ní irú àlejò bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta àti inú ihò tí oòrùn ò ráyè dé ló sábà máa ń gbé nínú òkun, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì bà ló ń jẹ.

Alẹ́ ni mo yàn láti bọ́ ọ. Mo yọ́ edé wẹ́wẹ́ tó ti di yìnyín sínú ife, mo pa páǹpù, mo kọ́kọ́ fi sírínjì tú omi edé nìkan sí i lára, mo wá fi í sílẹ̀. Òórùn oúnjẹ ló ń jí i. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ wú, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì na ìka wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè jáde. Kí ẹja má bàa já oúnjẹ gbà, mo gé ìdí ike omi, mo fi dé e mọ́lẹ̀, mo wá ń ti ọrùn ike bọ́ ọ.

Ibí ló ti gba sùúrù: ẹnu kọ̀ọ̀kan ni mo fún ní edé tirẹ̀, torí a ò lè gbọ́kàn lé e pé èyí tó yó á pín fún ìkejì. Bí edé bá kan ìka wọ̀nyẹn, oró inú wọn á ta á, á lẹ̀ mọ́ wọn. Ìka á ká wọ àárín, ẹnu á là díẹ̀díẹ̀, á gbé e mì. Mo máa ń tẹjú mọ́ ọn títí ìrù edé á fi wọlé tán. Ó dùn-ún wò púpọ̀.

Mo fa àjẹkù jáde kó má bàa ba omi jẹ́, mo tan páǹpù padà. Bí mo ṣe ń ṣe é lemọ́lemọ́ ló ń tètè lanu sí i.

Wọ́n fi iyùn mìíràn tó ń jẹ́ Dendronephthya lọ̀ mí lẹ́yìn náà. Ó rẹwà gan-an, àmọ́ ewéko tíntìntín tó ń léfòó nínú òkun ló ń jẹ jù, ó sì fẹ́ kí ó máa ṣàn kọjá níwájú òun tọ̀sán-tòru. Táǹkì mi ò lè ṣe ìyẹn, n ò rà á.